Epo Tí Mo Dà Sínú Ìbọn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá

Òjò àárọ̀ ti dá kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mò ń kọ èyí sílẹ̀ kí àwọn ọmọ mi lè mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la pé bàbá wọn kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ìwé kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí alùpùpù kan nílùú yìí tí kò tíì wá bẹ̀ mí. Ṣọ́ọ̀kì alùpùpù tó bá ti kú, èmi ni mo máa ń jí i. Ilé tí mò ń gbé, ṣọ́ọ̀kì ló kọ́ ọ. Èmi tí mò ń lé ẹyẹ lóko olóko nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi wà ní kíláàsì, èmi náà ni mo di ọlọ́ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn mẹ́ta yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá lówùúrọ̀. Ó gbé nǹkan gbọọrọ kan dání, ó fi ìró wé e bí ọmọ tuntun. Ìbọn afẹ́fẹ́ ọkọ rẹ̀ tó dolóògbé ni. Ìrẹsì oko ẹ̀gbọ́n mi ti yọrí, omi inú rẹ̀ ti ń dì, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà sì ti gbọ́.

"Ó ń wúkọ́ ni," ló wí. "Ọta rẹ̀ ò kọjá ibi tí mo lè tutọ́ dé."

"Ẹ gbé e sílẹ̀."

"Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tún ìbọn ṣe lẹ́yìn ọjà ni mò ń gbé e lọ. Mo ní kí n yà kí ọ ni."

Kí n tó mọ̀, mo ti dìde. "Ta ni? Nígbà tí mo wà láàyè? Kí wọ́n máa wí pé àbúrò yín ń tún nǹkan aráyé ṣe, ẹ̀yin wá ń gbé tiyín kiri?"

"Àbúrò mi, ṣọ́ọ̀kì lo mọ̀."

"Kí ló wà nínú ṣọ́ọ̀kì? Sípírínì ni, písítìnì ni. Kí ló wà nínú eléyìí? Sípírínì ni, písítìnì ni. Kí ló tún kù?"

Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi ti yọrí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún un o. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ òfurufú dé, ó máa ní ṣọ́ọ̀kì ló wà nínú rẹ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó fi ìbọn sílẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó fọwọ́ kan ìdí igi ìbọn náà. "Òun nìkan ni mo ní lóko o," ló wí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì

Mo tú u nílé, lórí tábìlì ìjẹun. Ìdí igi kúrò láìsí wàhálà. Mi ò mọ̀ pé sípírínì inú rẹ̀ ti ká ara rẹ̀ jọ bí ejò tínú ń bí. Mo yọ píìnì báyìí, ó fò! Ó gba ẹ̀bá etí mi kọjá, ó lu àjà, ó já sínú báàfù omi ìyàwó mi.

"Bàbá wọn, ta lẹ ń bá jà?"

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ ti dá àjà lu."

Mo sọ fún un pé bí wọ́n ṣe máa ń tú u nìyẹn. Ó wo ihò náà, ó wò mí, ó gbé omi rẹ̀ lọ.

Mo ti rí àìsàn ìbọn. Rọ́bà orí písítìnì ti gbó, ó ń rún bíi búrẹ́dì ọjọ́ mélòó kan. Sípírínì náà ti wọ́. Tuntun ni ká wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Mo pe ọmọ mi obìnrin, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú ńlá. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ra nǹkan lórí fóònù. Mo ka àmì ara ìbọn fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó pè padà, ó ní òun ti rí ọkùnrin kan tó ń ta páàtì rẹ̀: rọ́bà, sípírínì, àti ọ̀pá tó máa ń wà láàárín sípírínì kó má bàa wọ́.

"Dádì, ó ní kí n sọ nǹkan kan fún yín o. Ó ní ẹ má da epo sí i. Gírísì dúdú kan báyìí ni, ẹ kàn fi pa á lára díẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì."

"Sà."

"Ṣé mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá, sà."

"Ó dáa. Ra páàtì."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Páàtì ò tíì dé. Oòrùn mú. Ẹ̀gbọ́n mi ti gba obìnrin méjì tí wọ́n ń bá a lé ẹyẹ. Owó ojúmọ́ wọn ti lọ sókè torí gbogbo oko ló ń wá wọn. Ó ní bí ìbọn bá ti jí, òun á lè mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Ẹyẹ ń pọ̀ sí i. Mo tún ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin ṣe, gbogbo wọn jí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Páàtì dé. Mo ti ilẹ̀kùn méjì nínú mẹ́ta kí ojú má bàa pọ̀ jù.

Rọ́bà tuntun náà fún jù. Mo fi sáńpépà ha á yíká, díẹ̀díẹ̀, mò ń tì í wọlé, mò ń fà á jáde, títí ó fi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì tí Káfíńtà bá kàn nígbà tí inú rẹ̀ dùn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá gbọ́n kò lè ṣe ìyẹn. Sípírínì ńkọ́? Mo fi fáìsì dì í mú kí n tó ti píìnì bọ̀ ọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni mí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé e pa, mo wo inú rẹ̀, mo rí i pé ó gbẹ. Gírísì tí ọkùnrin yẹn fi kún páàtì, nínú ọ̀rá kékeré, kò tó fi pa ètè. Èmi tí mo ti ń ṣe ṣọ́ọ̀kì láti ìgbà tí mi ò tíì ní irùngbọ̀n! Ṣọ́ọ̀kì tí kò bá lépo nínú, òkú ni. Mo gbé gálọ́ọ̀nù epo mi tó dára jù, èyí tí mi ò kì í lò fún gbogbo ènìyàn, mo rọ ọ́ sí i. Mo rọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí ni, mi ò lè háwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Kí àwọn ọmọ mi ka tòní dáadáa.

Mo gbé àpò iyanrìn síwájú ògiri lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà wá, télọ̀ tó wà lódìkejì wá, àwọn tó gbé alùpùpù wá fún àtúnṣe dúró. Ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú àwọn obìnrin rẹ̀ méjèèjì, agolo tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn wálẹ̀, mo kẹ́ ẹ, mo ki ọta bọ̀ ọ́, mo gbé e lé èjìká.

Gbàù!

Kì í ṣe ohùn ìbọn afẹ́fẹ́. Ìró náà lu ògiri, ó padà wá bá wa. Èéfín rú lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ń mu sìgá. Adìẹ télọ̀ fò sórí máṣíìnì rẹ̀.

"Yéè!" Káfíńtà di orí mú. "Ṣé ẹyẹ la fẹ́ pa ni, àbí a fẹ́ gba ìlú?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo tún yìn ín, ó tún ké. Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Nígbà tí ọkọ yín ń lò ó, ṣé ó ké báyìí rí?"

"Rárá o. Kò ké báyìí rí." Ó ń wo èéfín náà. "Ó ń rùn."

"Agbára ló ń rùn bẹ́ẹ̀!" ni mo wí, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo wá sọ fún àwọn obìnrin méjèèjì yẹn pé, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa lọ sílé. Iṣẹ́ yín ti parí. Ìbọn tí mo tún ṣe yìí ju ogún ènìyàn lọ."

Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó tún wo ẹnu ìbọn náà.

"Ẹ ti gbọ́ ohun tí àbúrò mi wí," ló wí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìròyìn dé láti oko: bí ìbọn bá ti ké, ẹ̀gà á kó lọ sóko ẹlòmíràn. Káfíńtà ń pè mí ní Ọ̀gá Ààrá. Mo dé fìlà mi tó ga, mo rìn gba iwájú ṣọ́ọ̀bù gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ mi ò ní ibì kankan tí mò ń lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pé ìbọn ò ké mọ́. Mo gun alùpùpù mi lọ. Ó kẹ́ ẹ lójú mi, ó yìn ín. "Fíì." Ọta jáde, ó já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ wa. Ẹyẹ kan wà lórí ìrẹsì níbẹ̀, kò tilẹ̀ fò.

"Kí ló ṣe é?" ló bèèrè.

"Nǹkan kékeré ni," ni mo wí, mo sì gbé e.

Àwọn obìnrin méjèèjì ti gba iṣẹ́ lóko mìíràn. Bí mo ṣe ń lọ, mò ń gbọ́ agolo rẹ̀ lẹ́yìn mi, òun nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ti ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tú u.

Rọ́bà tuntun ti jó. Etí rẹ̀ yọ́ bí àbẹ́là. Sípírínì ti kán sí méjì. Inú ibi tí písítìnì ń rìn dúdú bí ìdí ìkòkò, òórùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn sì wà nínú rẹ̀. Mo fi ìka kàn án, mo gbé ìka sí imú. Epo mi ni. Atẹ́gùn tí písítìnì ń fún pọ̀ ló gbóná, òun ló ń dáná sí epo. Ariwo tí gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́ sí yẹn, ìbọn ló ń ké pé òun ń jóná.

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó lórí àga. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó rí rọ́bà lọ́wọ́ mi.

"Kí ló ṣe é?"

Ẹnu mi dáhùn kí n tó rán an níṣẹ́. "Ayédèrú ni. Ayédèrú ni wọ́n tà fún ọmọ wa."

Ó ní, "Háà, aráyé!" Ó bá mi bínú sí wọn. Mo bo oúnjẹ yẹn padà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìyàwó mi ti sọ fún télọ̀, télọ̀ ti sọ fún Káfíńtà. Káfíńtà wá bá mi nílé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọ́n fẹ́ ba orúkọ rẹ jẹ́. Ọwọ́ tó mú kí ìbọn ké bí ààrá! Ká ní páàtì gidi ni, á ti gba ọdún mẹ́wàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

Ó bú olùtajà náà títí. Mo jókòó, mò ń mi orí. Nọ́ọ̀sì pè, ó ní òun ti fi ọ̀rọ̀ dá batani sí ọkùnrin náà lára. Mo ní ó ṣeun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọkùnrin tó ta páàtì pè mí fúnra rẹ̀. Káfíńtà àti télọ̀ wà níbẹ̀, mo sì gbé ohùn fóònù sí gbangba kí wọ́n lè gbọ́ bí màá ṣe bá a wí.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni mo ta páàtì fún ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí n má bínú kẹ̀?"

"Ẹ gbà mí láyè kí n bèèrè nǹkan kan, sà, mi ò bá yín jiyàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tà á, kò jóná rí. Ṣé epo kankan ò débẹ̀?"

Àyè nìyẹn. Ó ṣí i sílẹ̀ fún mi bí ilẹ̀kùn. Káfíńtà ń wò mí.

"Epo? Ṣé ọmọdé ni mí? Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ìyá rẹ ò tíì bí ọ!"

"Ẹ má bínú, sà. Ó ní láti jẹ́ pé ibi tí mo ti ń kó o ni wọ́n ti yí i padà. Màá fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ má san nǹkan kan."

Káfíńtà na ọwọ́ sókè. "Ó jẹ́wọ́! Ẹ gbọ́ o, ó jẹ́wọ́!"

Télọ̀ pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbí pé mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ̀yìn ò dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìyàwó mi lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lé ẹyẹ. Nígbà tó dé, oòrùn ti pa á lójú, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìbọ́ bàtà.

"Ẹ lọ wo oko yẹn," ló wí.

"Ó dọ̀la."

"Orúnkún ẹ̀gbọ́n yín ti wú. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan sáré."

Mo lọ ń wo ihò tó wà lájà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Páàtì kejì dé. Ọkùnrin yẹn fi sípírínì méjì sí i dípò ẹyọ kan, ó sì fi odindi agolo gírísì dúdú kún un. Agolo tí wọ́n ń tà níbí kéré jù ú lọ, ó sì wọ́n.

Nọ́ọ̀sì pè láti bèèrè bóyá ó dé.

"Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síbi tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ti máa rí i, pé olè ni. Wọ́n ti ń pa dà lẹ́yìn rẹ̀."

"O kọ ọ́?"

"Ṣé kí wọ́n fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ kí n dákẹ́ ni?"

Ọmọ yìí kì í purọ́. Láti kékeré, bó bá fọ́ nǹkan, òun náà ló máa kó àfọ́kù rẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ mi ló gbà gbọ́, ló fi lọ pa ènìyàn lẹ́kún. Àwọn àgbà ní irọ́ máa ń tanná ṣùgbọ́n kì í so. Tèmi ti ń so.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo fọ inú ìbọn títí àkísà fi ń jáde ní funfun. Mo ha rọ́bà kejì. Mo fi gírísì dúdú pa ara sípírínì, mo fi ìka kan péré pa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnì, iwájú rọ́bà sì wà ní gbígbẹ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dé e.

Mo yìn ín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. "Tọ́." Ìró ẹni tó fi ìka kan tábìlì. Kò sí èéfín, adìẹ télọ̀ ò gbé orí. Ṣùgbọ́n agolo tí mo gbé sọ́nà jíjìn dá lu níwájú àti lẹ́yìn, ọta sì wọlé sínú iyanrìn débi pé mi ò rí i mọ́.

Káfíńtà wá dúró. "Ìyẹn náà nìyẹn? Èyí ò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀."

"Ó lágbára jù ú lọ."

"Níbo? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí n sọ òtítọ́: lẹ́yìn tó lọ, ọwọ́ mi kan gálọ́ọ̀nù epo. Díẹ̀ péré, kí ó kàn ké lójú wọn lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ mi wà lórí ìdérí rẹ̀. Ìgbà tí mo rí ara mi bẹ́ẹ̀ ni mo mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo gbé ìbọn lọ sóko.

Bí mo ṣe yà ní ẹ̀bá odò, mo rò pé ìrẹsì náà dára, torí gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn ló nàró ṣánṣán. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àpótí tó fi ń sinmi, ó na ẹsẹ̀ tó wú. Ó rí ibi tí mò ń wò.

"Àwọn tó nà yẹn, kò sí nǹkan nínú wọn," ló wí. "Èyí tó tẹrí ba lọ́hùn-ún, ìyẹn ló kù."

Ohun tó tẹrí ba ò tó ìdajì. Mo fa ẹyọ kan, mo fi ọwọ́ ra á. Èèpo lásán ni. Mo gbé ìbọn fún un. Ó kẹ́ ẹ, ó yìn ín, ẹ̀gà kan já lulẹ̀. Ó wo ẹnu ìbọn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí.

"Bó ṣe ń dún nìyí. Bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe é nìyí."

Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti ilé. Gbogbo rẹ̀ túká. "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe páàtì. Èmi ni mo da epo sí i."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó rú èéfín. Ọkọ mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí ìbọn yìí bá rú èéfín, ẹnìkan ti fi epo pa á."

Orí mi gbóná. "Ẹ sì dákẹ́? Ẹ jẹ́ kí n lé àwọn obìnrin yẹn lọ?"

"Níwájú gbogbo àwọn ènìyàn yẹn?" Ó ń pa ọta mọ́ sínú aṣọ rẹ̀, kò wò mí. "Ẹ̀yìn mi lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Mo ní bóyá ọgbọ́n rẹ ju ti ọkọ mi lọ. Bí kò bá sì jù ú, mi ò lè jẹ́ káfíńtà fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ì bá bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú. Ó fi oúnjẹ ọdún kan bo ìtìjú mi, èmi sì ń dé fìlà kiri ìgboro.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ pè. Mo sọ ọ́ láìyí i po.

"Dádì, mo pe ọkùnrin yẹn ní olè."

"Mo mọ̀."

"Mo bú ìyá rẹ̀."

Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Mo ní kó pa ohun tó kọ rẹ́, kó sì kọ òmíràn sípò rẹ̀ pé bàbá òun ló ba páàtì jẹ́, tó tún purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní ó dáa. Kò pè mí ní Dádì nígbà tó ń dá gbére.

Mo wá pe ọkùnrin náà. Lọ́tẹ̀ yìí, etí mi nìkan ni mo gbé fóònù sí.

"Epo débẹ̀," ni mo wí. "Èmi ni mo dà á. Mo purọ́ fún ọ."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń yẹ gbogbo rọ́bà tó wà lọ́wọ́ mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti da èyí tó pọ̀ nù. Kò sì sí nǹkan tó ṣe wọ́n?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n."

"Háà."

Òun ló tún sọ̀rọ̀. "Èyí tuntun ńkọ́, sà? Ṣé ó ń yìn dáadáa?"

"Ó ń yìn dáadáa."

"Ọlọ́run ṣeun," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn ní ti gidi. Ojú gbà mí tì ju bí ì bá ṣe ṣépè lọ. Owó páàtì kejì àti ti rọ́bà tó dà nù, mo ti fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún Káfíńtà níwájú télọ̀, níbi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi. Káfíńtà ya ẹnu.

"Nítorí náà, ariwo yẹn…"

"Iná ni."

"Èmi wá ń bú ọmọlọ́mọ káàkiri!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, lẹ́yìn náà ó ṣíwọ́ ẹ̀rín. "O mú mi purọ́, Ọ̀gá Ààrá," ló wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ayùn rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò pè mí sí i.

Télọ̀ dìde. Ó kó adìẹ rẹ̀ wọlé.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ó di ìgbà tí wọ́n bá kórè ìrẹsì. Mo bọ́ fìlà sílé. Agolo méjì àti igi kan ni mo mú lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ń yìnbọn ní ìhà odò, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń yìn ín jẹ́jẹ́: tọ́, tọ́. Èmi wà ní ìhà òkè, mò ń sáré, mò ń lu agolo. Mo rò pé mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lé ẹyẹ. Ẹsẹ̀ mi ò gbàgbé, ẹ̀mí mi ni kò tó mọ́. Ó kọ́kọ́ ń ṣe mí bíi pé kí n máa pariwo wẹ́rẹ́. Ẹ̀gà ò mọ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn mẹ́ta. Mo ya ẹnu mi gbàgàdà.

Àwọn obìnrin méjèèjì tí mo lé lọ wà lóko kejì. Ọ̀kan nínú wọn nàgà wò mí. "Bàbá Oníṣọ́ọ̀kì! Ìbọn tó ju ogún ènìyàn lọ ńkọ́?"

"Èmi ló kù!" ni mo fi dá wọn lóhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, ẹ̀gà sì rọ́ wọ oko ọ̀gá wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá

Káfíńtà wá sóko láìpe ẹnikẹ́ni. Ó gbé igi wá, ó kan àtẹ̀gùn kan fún mi láàárín ìrẹsì kí n lè máa rí ọ̀nà jíjìn. "Kì í ṣe torí tìrẹ," ló wí. "Torí ẹ̀gbọ́n ni." Nígbà tó fẹ́ lọ, ó wò mí níbi tí mo gbé dúró sókè. "Ẹ̀gà ń lé ẹ̀gà," ló wí, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

A kórè èyí tó kù. Kò tó nǹkan. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé èmi ni màá bọ́ ilé rẹ̀ títí di ìkórè tó ń bọ̀. Mo fẹ́ fi ìbúra kún un, kò dún jáde. Ohùn mi ti há pátápátá, ẹnu mi kàn ń ṣí, ó ń pa dé.

Ó wò mí, ó ní, "Mo gbọ́."

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, orí ni mo fi ń dá a lóhùn. A jẹun. Ó gbé àwo, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá wọn," ló wí, "mi ò mọ̀ pé ilé wa máa ń dákẹ́ báyìí."